Ọjà Tí Kò Gba Owó Tíkẹ́ẹ̀tì



Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ọjà tiwa. Bí ẹ bá gbé igbá ata yín kalẹ̀, kò ní pẹ́ tí agbowó ọjà yóò fi dé. Yóò ya tíkẹ́ẹ̀tì lé yín lọ́wọ́, ẹ ó sì san owó. Bí ẹ tà, ẹ ó san. Bí ẹ kò tà, ẹ ó san. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Bí ẹnì kan bá wá la ọjà tuntun ńkọ́, tó ní òun kò ní gba owó tíkẹ́ẹ̀tì, òun kò ní gba owó ìsọ̀, òun kò sì ní bu nínú èrè yín? Ẹ ó lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ó bi ara yín pé: kí ni ẹni yìí yóò máa jẹ?

Wọ́n ti la irú ọjà bẹ́ẹ̀ rí ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ìtàn rẹ̀ nìyí.

Ní ìlú Hangzhou, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jack Ma. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ni. Ní ọdún 1999, òun àti ènìyàn 17 dá ilé-iṣẹ́ Alibaba sílẹ̀. Ní ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ náà la ọjà kan tó ń jẹ́ Taobao. Ẹ rọra kà á: Ta-o-ba-o.

Ọjà yìí kò sí lórí ilẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ló wà. Nígbà tó yá, ó wọ inú tẹlifóònù. Ẹni tó ní ẹrù láti tà yóò ya àwòrán rẹ̀, yóò kọ iye rẹ̀ sí i. Ẹni tó wà ní ìlú jíjìn yóò rí i, yóò san owó, wọn yóò sì gbé ẹrù náà lọ bá a nílé. Alibaba fúnra rẹ̀ kò pàtẹ níbẹ̀. Ọjà ló là. Àwọn ẹlòmíràn ló ń pàtẹ.

Nígbà náà, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ eBay ti dé Ṣáínà. Ó ti fi mílíọ̀nù 180 dọ́là ra ọjà kan níbẹ̀ láàárín ọdún 2002 sí 2003. Òun ń gba owó lọ́wọ́ òǹtajà. Taobao ní tòun, ọ̀fẹ́ ni fún ọdún mẹ́ta. Ní ọdún 2005, ó tún fi ọdún mẹ́ta kún un.

Ẹ̀rù sì ń ba òǹrajà: bí mo bá san owó, tí n kò rí ẹrù ńkọ́? Alibaba wá dá Alipay sílẹ̀. Owó òǹrajà yóò wà lọ́wọ́ alárinà títí ẹrù yóò fi dé, tí òǹrajà yóò sì ní ó dára. Ìgbà náà ni òǹtajà tó gba owó rẹ̀. Ní tèmi, ohun tó mú èrò pọ̀ nìyí, àní ju ọ̀fẹ́ lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2006, eBay ti ọjà tirẹ̀ ní Ṣáínà, ó lọ darapọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ kan.

Ó dára. Kí ni Taobao wá ń jẹ?

Ẹni tó ń wá bàtà yóò kọ «bàtà» sínú kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàtà yóò jáde, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Ta ni yóò wò ó dé ìsàlẹ̀? Ẹ mọ̀ ọ́n lọ́jà: ata kan náà ni, iye kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà á tà tán kí ẹni tó wà nítòsí ààtàn tó rí oníbàárà kan. Ibi tí ojú èrò kọ́kọ́ ń bà, òun ni Taobao ń tà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2006, ó kọ́kọ́ dán an wò: ẹni tó bá san owó jù ni yóò wà lókè. Àwọn òǹtajà bínú. Ṣé ọ̀fẹ́ lẹ ní? Wọ́n ní àwọn yóò ti ìsọ̀ àwọn. Ilé-iṣẹ́ náà ní kí wọ́n dìbò. Ìbò tó ní «a kò fẹ́» ló pọ̀ jù. Ní oṣù kẹfà, ó dá a dúró.

Ṣùgbọ́n ó tún gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Òǹtajà yóò dá iye lé ọ̀rọ̀ kan, bíi «bàtà». Ìgbàkígbà tí èrò bá fi ọwọ́ tẹ àwòrán bàtà rẹ̀, Taobao yóò yọ owó. Ìbáà rà, ìbáà má rà.

Ẹ mú pẹ́ńsùlù, kí a ṣírò àpẹẹrẹ kan. Ká ní títẹ̀ kan jẹ́ 50 fáránkì. Ènìyàn 20 tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan ló rà. 20 lọ́nà 50 jẹ́ 1,000. Bí èrè bàtà bá jẹ́ 800, òǹtajà ti pàdánù 200. Bí aládùúgbò rẹ̀ bá sì dá 60, òun náà yóò dá 70. Kò sí agbowó tó fipá mú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò san, a kì í rí i.

Ní ọdún 2014, wọ́n ta ìpín Alibaba ní New York, àpapọ̀ owó rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 25 dọ́là. Nígbà náà, owó ìpolówó yìí ló pọ̀ jù nínú owó tó ń rí láti inú ọjà rẹ̀ ní Ṣáínà.

Ó tún ti la ọjà kejì ní ọdún 2008 fún àwọn òǹtajà ńlá. Tmall ni wọ́n wá ń pè é nígbà tó yá. Ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Nígbà náà, wọ́n ń san owó ọdọọdún, wọ́n sì ń bu owó nínú títà, ó lè tó 5 nínú 100. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé owó ọdọọdún kúrò ní 6,000 yuan, ó di 30,000 tàbí 60,000. Ní ìgbà náà, 60,000 yuan ju 4,000,000 owó sẹ́fà wa lọ. Àwọn òǹtajà kéékèèké dìde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ ra ẹrù lọ́wọ́ àwọn ńlá, wọ́n sì dá a padà, kí ọjà lè dàrú. N kò yìn wọ́n fún bíba ìsọ̀ ẹlòmíràn jẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí ìjà yìí, ilé-iṣẹ́ náà sún owó tuntun síwájú fún àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ọdún 2021, ìjọba Ṣáínà bu owó ìtanràn lé Alibaba: bílíọ̀nù 18.2 yuan. Ẹ̀sùn náà ni pé ó ń dí àwọn òǹtajà lọ́wọ́ láti pàtẹ ní ọjà ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Taobao àti Tmall bẹ̀rẹ̀ sí í gba 6 nínú 1,000 lórí ẹrù tí òǹtajà bá tà. Wọ́n fagi lé owó ọdọọdún ti Tmall. Owó ìpolówó ń lọ bó ṣe ń lọ. Ọdún 21 lẹ́yìn tí ọjà ọ̀fẹ́ ṣí, agbowó dé.