Ìwé Tó Pa Mọ́ àti Ìwé Tí Òkìkí Bò Mọ́lẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Láti Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jà ràn-ìn láàárín àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ ló bí àpilẹ̀kọ yìí. Àwọn kan ní òǹkàwé tó fẹ́ràn ìtàn ogun, ewì, eré orí ìtàgé àti ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pọ̀ kò ní rí nǹkan kà lédè wa mọ́ bó bá ti ka Fágúnwà àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá tán. Pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yà sí ìwé Gẹ̀ẹ́sì. N kò gbà. Ẹni tó ń ka ìwé àtìgbàdégbà yìí mọ ohun tí à ń pè ní ìtàn àròsọ àti ìtàn ìlú, n kò ní dúró lórí ìyẹn. Kì í ṣe pé ìwé kò sí, a kò mọ̀ wọ́n ni. Ìbéèrè mi ni pé: irú àìmọ̀ wo ni?

Ọ̀nà méjì ni ìwé fi ń ṣàjèjì sí ènìyàn. Èkínní ni ìwé tó pa mọ́: kò sí lórí àtẹ, kò sí lára ìwé ìdánwò, inú yàrá ìkàwé yunifásítì ló wà tàbí ìsàlẹ̀ àpótí ẹni tó jogún rẹ̀. Èkejì ni ìwé tí òkìkí bò mọ́lẹ̀: tẹrú-tọmọ ló mọ orúkọ rẹ̀, àwọn tó ṣí i wò kò tó nǹkan. Ẹ dárúkọ ti àkọ́kọ́ fún òǹkàwé, yóò bi yín níbi tí òun ti lè rí i. Ẹ dárúkọ ti èkejì, yóò ní òun ti mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Nítorí náà, ti èkejì ló ṣòro jù láti fi lọ ènìyàn, òun gan-an sì ni àwọn tí mò ń dá lóhùn kò kà sí.

Ẹ wo Ọba Kò So. Òṣogbo ni Dúró Ládipọ̀ ti gbé e jáde, ní Mbari Mbayo tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1962, tí Ulli Beier wà lára àwọn tó gbé e ró. Ní 1964, eré náà dé Berlin. Ohun tó kù lọ́kàn àwọn ènìyàn ni ìlù bàtá àti Ṣàngó tó ń bínú. Ṣùgbọ́n ìwé ni mò ń sọ. Robert Armstrong àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gba ọ̀rọ̀ eré náà sílẹ̀ láti inú téèpù, wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì tì í, yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́ ní 1972. Lórí ìtàgé, ọfọ̀ tí Gbọ̀ńkáà fi dojú kọ Tìmì Ẹdẹ máa ń ré kọjá bí afẹ́fẹ́. Nínú ìwé, òǹkàwé lè dúró, kó padà sẹ́yìn, kó wo bí ìlà kan ṣe ń ti èkejì lẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ràn ewì tí kò ka ìwé yìí kò tíì mọ eré náà tán, ì báà ti wò ó nígbà mẹ́wàá.

Bákan náà ni ìwé ìtàn tí I. B. Akínyẹlé, tó di Olúbàdàn ní 1955, tẹ̀ jáde ní 1911. Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ni gbogbo wa ń pè é, a sì gbàgbé pé ìtàn Ìwó, Ìkìrun àti Òṣogbo wà nínú rẹ̀. Ọmọ Òṣogbo tó ń wá ìtàn ogun 1840, tí wọ́n ti lé àwọn Ìlọrin sẹ́yìn, á wo ẹ̀yìn ìwé, á sì kọjá lọ.

Ní ti ìwé tó pa mọ́, Iléṣà ni kí a lọ. Ní 1932, Abíọ́lá, Babáfẹ́mi àti Ataiyérò tẹ ìtàn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kọ lédè Yorùbá. Ọmọ Ọbòkun ló ń sọ̀rọ̀ ilé ara rẹ̀ níbẹ̀. Ijeshas and Nigerians tí J. D. Y. Peel kọ ní 1983 rọrùn láti rí jù ú lọ; ìwé ńlá ni, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ mọ bí àwọn òṣómàáló ṣe ń ta aṣọ láwìn káàkiri, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ti 1932. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Bákàrè Gbàdàmọ́sí. Not Even God Is Ripe Enough, tí òun àti Beier jọ ṣe ní 1968, gbajúmọ̀. Orò Pẹ̀lú Ìdí Rẹ̀ tó kọ lédè Yorùbá ló pa mọ́. Àwọn tó ní ká lọ sí Gẹ̀ẹ́sì kò rántí pé Òṣogbo ni Gẹ̀ẹ́sì ti wá bu omi yìí.

Ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò gba àríyànjiyàn: Àjà Ló Lẹrù (1969) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí wà níbẹ̀, Owó Ẹ̀jẹ̀ (1976) ti Kọ́lá Akínlàdé náà wà níbẹ̀.

N kò sọ pé ìwé wa pọ̀ tó. Ibi tí ẹ̀rí gbé mi dé ni pé ó ṣeé ṣe kí àìtó ìwé má jẹ́ ìṣòro náà, kó jẹ́ pé àwa tó yẹ ká júwe wọn ni kò júwe wọn. N kò sì tíì rí ẹ̀rí kan tó já èyí nírọ́.

Ìwé tó pa mọ́ mìíràn ṣì wà tí n kò tíì mẹ́nu bà. Akínyẹlé tó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn di aṣáájú nínú ìjọ Àpọ́sítélì Kírísítì, èyí tí ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Òkè-Ọ̀óyè, Iléṣà, ní 1930 mú gbilẹ̀. Inú ìwé irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí mo dáwọ́ lé báyìí ti bẹ̀rẹ̀: ìwé pẹlẹbẹ ìjọ, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ìlú, àti ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n ń kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé sí. Àwọn ìwé ìsìnkú ló ká mi lára jù. Wọ́n ń sọ ọdún tí bàbá kan kúrò ní Iléṣà, ìlú tó ti ṣe òṣómàáló, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ àti ìjọ tó ti ṣèrìbọmi, àwọn ọmọ sì ń dáná sun wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń tún ilé bàbá wọn ṣe. Mo bẹ àwọn ẹbí ní Iléṣà, Òṣogbo àti agbègbè wọn kí wọ́n jẹ́ kí a ya àwòrán àwọn ìwé náà kí wọ́n tó kó wọn dà nù.