Clé USB tí kò gba nǹkan sínú mọ́: ohun tí ẹ lè ṣe

Ẹ ki clé USB bọ kọ̀ǹpútà, ẹ fẹ́ kó ìwé tàbí àwòrán sínú rẹ̀, ni kọ̀ǹpútà bá kọ ọ́ sójú yín pé: « Le disque est protégé en écriture ». Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ lè ka ohun tó wà nínú clé náà, àmọ́ ẹ kò lè fi nǹkan kún un, ẹ kò sì lè pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń kọ́ níṣẹ́ olùkọ́ máa ń gbé irú clé bẹ́ẹ̀ wá bá mi, ìgbà míì nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbé mémoire wọn sílẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni pé: « Ṣé iṣẹ́ yìí wà níbòmíì? »

Ẹ kọ́kọ́ gba iṣẹ́ yín là

Clé tó tì ṣì ṣeé kà. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ṣí i, kí ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà bá ní kí ẹ « formater » rẹ̀, ẹ má tíì gbà o. Formater ń pa gbogbo nǹkan rẹ́. A kì í tìtorí òjò tó ṣú da omi inú àmù nù.

1. Ẹ wo ara clé náà

Àwọn clé kan ní bọ́tìnì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Adaptateur tí a ń ki káàdì microSD ti fóònù bọ̀ náà ní in, a sì máa ń kọ Lock sí i. Ẹ tì í kúrò níbi Lock, sí apá ibi tí irin rẹ̀ wà. Bí bọ́tìnì yẹn bá ti já, adaptateur nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Káàdì microSD fúnra rẹ̀ kò ní bọ́tìnì.

2. Ẹ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn

Bó bá gba nǹkan níbẹ̀, clé yín kò ṣàìsàn, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ló ń dí i lọ́wọ́. Ní secrétariat tàbí ọ́fíìsì, ẹni tó ni ẹ̀rọ lè mọ̀ọ́mọ̀ ti ọ̀nà yìí. Ẹ bi í léèrè. Lórí Mac, clé tí a formater ní NTFS sábà máa ń ṣeé kà nìkan.

3. Ẹ lo diskpart lórí Windows

Ẹ kọ cmd síbi tí a ti ń wá nǹkan. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún souris tẹ « Invite de commandes », kí ẹ yan « Exécuter en tant qu'administrateur ». Ẹ wá kọ ìwọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa tẹ Entrée lẹ́yìn rẹ̀:

diskpart
list disk
select disk 1
attributes disk clear readonly
exit

Ẹ ṣọ́ra níbi nọ́mbà yẹn! 1 tí mo kọ, àpẹẹrẹ ni. Ẹ wo bí disque kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó: clé 16 Go máa ń hàn bíi 14 tàbí 15 Go. Disque 0 sábà máa ń jẹ́ ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ kọ « clean », ẹ mọ̀ pé ó ń nu gbogbo disque náà ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ clé, ẹ tún un kì bọ̀, kí ẹ dán an wò.

4. Bó bá ṣì kọ̀

Ó lè jẹ́ pé clé náà ti gbó. Gbogbo kíkọ àti pípa rẹ́ ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yà tó ń darí rẹ̀ bá rí i pé inú rẹ̀ ti ń bàjẹ́, ó lè ti ọ̀nà kíkọ fúnra rẹ̀, kí ohun tó kù má bàa sọnù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó yín pé òun á sọ ọ́ di tuntun. Ẹ kó ẹrù yín jáde, kí ẹ ra òmíràn.

Kó má bàa tún ṣẹlẹ̀

Ẹ tẹ « Éjecter » kí ẹ tó yọ clé. Bí iná bá ń ṣe ségesège, ẹ má ṣiṣẹ́ tààrà lórí clé: orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí clé. Iṣẹ́ tó bá ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ kó wà níbi méjì, ó kéré tán.