Ẹ̀bùn James J. Walker: oyè àwọn tó pẹ́ nídìí ẹ̀ṣẹ́

Tí wọ́n bá ní ẹnì kan gba ẹ̀bùn nínú eré ẹ̀ṣẹ́, bẹ́líìtì ńlá tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ẹni tó borí ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Èyí tí à ń sọ yìí yàtọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn ẹ̀ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1926, ló fi í yẹ́ ẹni tó ti sin eré náà pẹ́ sí nígbà kan. Akànṣẹ́ tó ta yọ lọ́dún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Orúkọ tí wọ́n fi sọ ẹ̀bùn náà ló mú wa kọ èyí. James J. Walker kì í ṣe akànṣẹ́ o. Olóṣèlú ni, sénateur ní ìpínlẹ̀ New York.

Láti 1911 sí 1917, òfin ibẹ̀ gbà kí ènìyàn méjì kan ẹ̀ṣẹ́ fún abala 10, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ kéde ẹni tó borí. Bí ẹnì kankan ò bá ṣubú tí kò lè dìde, kálukú a gba ilé lọ. Owó tí àwọn ènìyàn ti fi ta tẹ́tẹ́ ńkọ́? Wọ́n á dúró de ìwé ìròyìn àárọ̀ ọjọ́ kejì! Ẹni tí oníròyìn bá ní ó borí, òun ló borí. Bí ìwé ìròyìn méjì bá wá sọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀yin náà ẹ wo wàhálà.

Ní 1917 wọ́n fagi lé òfin yẹn, eré náà sì di èèwọ̀. Walker ló gbé òfin tuntun wá ní 1920: abala ò gbọdọ̀ ju 15 lọ, àwọn adájọ́ á wà níbẹ̀ tí wọ́n á sọ ẹni tó borí lójú ẹsẹ̀, ìgbìmọ̀ ìjọba á sì máa fún akànṣẹ́ àti arbitre ní ìwé àṣẹ. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn wò ó kọ́ṣe.

Ṣé ẹ rí i? Ọkùnrin tó gba ìdájọ́ lọ́wọ́ àwọn oníròyìn ni àwọn oníròyìn fi orúkọ rẹ̀ dá ẹ̀bùn sílẹ̀. Ibẹ̀ ló dùn mọ́ wa jù.

Walker di maire New York ní 1926. Ní 1932 ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, nígbà tí wọ́n ń wádìí rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó. A mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní kò yẹ kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wà lára oyè. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ ìlú lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ lọ́tọ̀: láìsí òfin 1920 yẹn, ta ni ì bá lè fi ọgbọ̀n ọdún ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣẹ́ ní gbangba ní New York, débi tí wọ́n á fi yẹ́ ẹ sí?