Àwọn Tí Ó Pa Orin Jáàsì Mọ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ọba, ààfin ni yóò kọ́kọ́ yà sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ìjọ, ìwé ìrìbọmi wà fún un láti ṣí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn jáàsì, orin tí àwọn ènìyàn dúdú dá sílẹ̀ ní New Orleans ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé àwọn olùgbọ́ ni yóò kàn: ilé akọ̀wé, ilé akẹ́kọ̀ọ́, ilé ẹni tí ń ta àwo, níbi tí a to àwo giramafóònù jọ láti ilẹ̀ kan àjà. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn níhìn-ín, nítorí pé bí kò bá sí ti wọn ni, púpọ̀ nínú orin náà ì bá ti bá àwọn tí ó fọn ún wọ ibojì.

Bí a bá bi àwọn àgbà New Orleans léèrè ta ni ó kọ́kọ́ fọn fèrè lọ́nà yìí, Buddy Bolden ni wọ́n máa ń dárúkọ. Ní 1907 a mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní 1931. Kò sí àwo kan ṣoṣo tí a ti lè gbọ́ fèrè rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Victor sì gbé àwo jáàsì àkọ́kọ́ jáde ní 1917, òyìnbó márùn-ún, àwọn Original Dixieland Jazz Band, ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé àwo nìkan yóò rò pé àwọn ni ó ni orin náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo àwo ìgbà náà fúnra rẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ íńṣì 10, a máa yí po ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú kọ̀ọ̀kan kò sì ju bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Oje tí kòkòrò kéékèèké kan ń sun sára ẹ̀ka igi ní ilẹ̀ Íńdíà wà nínú ohun tí a fi ń ṣe é. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ó di àfọ́kù. Abẹ́rẹ́ irin tí ń mú un kọrin ni ó sì ń jẹ ẹ́ lára, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àwo tí a fẹ́ràn jù ni ó ń tètè gbó jù. Orúkọ orin àti ti ẹgbẹ́ ni a máa ń tẹ̀ sórí bébà àárín rẹ̀. Àwọn tí ó fọn fèrè, tí ó lu ìlù, tí ó tẹ dùùrù, a kì í sábà dárúkọ wọn.

Nítorí èyí ni iṣẹ́ olùfẹ́ jáàsì fi ju fàájì lọ. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, yóò gbé àwo lé orí ẹ̀rọ, yóò tẹ́tí sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún: fèrè ta ni èyí? Ṣé ẹni tí a gbọ́ lánàá ni? Yóò gbé àwo náà súnmọ́ fìtílà, yóò sì wá nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ fín sí ẹ̀gbẹ́ bébà náà. Kì í ṣe nọ́ńbà ọjà. Òun ni ó ń fi hàn bí a ti gba orin kan tẹ̀lé òmíràn ní yàrá ìgbohùn. Irú iṣẹ́ yìí ni Charles Delaunay, ará Faransé, kó jọ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní Paris ní 1936, tí ó pè ní *Hot Discography*. Ní New York, láàárín àwọn ọdún kan náà, Milt Gabler tí ń ta àwo bẹ̀rẹ̀ sí tún èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti pa tì tẹ̀, ó sì ń kọ orúkọ òṣèré kọ̀ọ̀kan sára bébà wọn. Lójú tiwa, ẹ̀tọ́ tí ó pẹ́ ni ó san.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà ìwé lọ. Nígbà tí a ń ṣe àkójọ ìwé *Jazzmen*, tí ó jáde ní 1939, àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ gbọ́ nípa afọnfèrè àgbàlagbà kan, Bunk Johnson. Wọ́n kọ ìwé sí i ní New Iberia ní Louisiana, ó sì dá wọn lóhùn. Eyín rẹ̀ ti ká, kò sì fọn fèrè mọ́. Àwọn olùfẹ́ orin dá owó jọ, wọ́n fi ṣe eyín fún un, wọ́n sì wá fèrè fún un. Ní 1942 ó wọ inú àwo fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó sọ fún wọn pé ní 1879 ni a bí òun, àti pé òun bá Bolden ṣeré. Ẹnu àgbà ni obì ti í gbó, wọ́n sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó yẹ àkọsílẹ̀ wò lẹ́yìn náà rò pé ó fi bí ọdún 10 kún ọjọ́ orí rẹ̀. Ohun tí àwọn olùgbọ́ ń fẹ́ gbọ́ ni ó fún wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń rán ọmọ lọ bi àgbà ní ìtàn, ẹ kò ní ṣàì rí irú rẹ̀ rí. Síbẹ̀ fèrè tí ó fọn kì í ṣe irọ́, a sì ní in.

Ogun àgbáyé kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa púpọ̀ run. Oje Íńdíà di ọ̀wọ́n, a sì ń gba àwo àtijọ́ lọ́wọ́ ará ìlú láti lọ̀ ọ́ ṣe tuntun. Ta ni ó lè mọ ohun tí ó bá a lọ? Ní ọjọ́ kìíní oṣù August 1942 pẹ̀lú ni ẹgbẹ́ àwọn olórin Amẹ́ríkà dáwọ́ gbígba orin fún ilé-iṣẹ́ àwo dúró nítorí owó ẹ̀tọ́ wọn. Ó di November 1944 kí Victor àti Columbia tó bá wọn rẹ́. Àsìkò náà gan-an ni jáàsì ń yí padà ní Harlem. Ọpẹ́ ni fún Jerry Newman, akẹ́kọ̀ọ́ kan, tí ó ti gbé ẹ̀rọ ìgbohùn lọ sí Minton's Playhouse ní 1941. Ibẹ̀ ni ó ti gba gìtá Charlie Christian sílẹ̀, gígùn rẹ̀ ju ohun tí àwo ọjà lè gbà lọ. Ní March 1942 Christian kú, ẹni ọdún 25.

Ní ti ojú, ohun tí ó kù kò tó nǹkan. Sinimá kan ṣoṣo ni Bessie Smith ṣe, ní 1929, kí ó tó kú ní 1937. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí ó ti ń dúró kọrin, ibẹ̀ nìkan ni yóò wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Láàárín àwọn ọdún 1920, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin Yorùbá tí ó lé ní 40 sínú àwo ní London. Ó kú ní 1930. A ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí pé àwọn kan kò da àwo náà nù.

William Savory ni a ó mẹ́nu bà kẹ́yìn. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbohùn ni ó ń ṣe ní New York, ní ìparí àwọn ọdún 1930 ó sì ń gba orin tí ó ń ti inú rédíò jáde sínú àwo, ó ń tò wọ́n jọ, kò sì fi wọ́n han ẹni púpọ̀. Ó kú ní 2004. Ní 2010 ilé ìṣẹ̀ǹbáyé jáàsì ti Harlem gba àpótí wọn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Àwọn mìíràn ti hu funfun, àwọn mìíràn ti sán. Nínú wọn ni Coleman Hawkins ti ń fọn "Body and Soul", orin tí gbogbo ayé mọ̀ láti inú àwo oníṣẹ́jú 3 ti 1939. Níhìn-ín ó fọn ún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí pé kò sí etí àwo tí yóò dá a dúró.