Lẹ́ǹsì Tí Newton Sá Fún

Ní alẹ́ tí a kọ́kọ́ gbé awò awọ̀nàjíjìn wa síta, àwa ọ̀rẹ́ méjì tó ń fi kóòdù kíkọ jẹun, olè la pe ọkùnrin tó tà á fún wa. Àlòkù ni. Dígí inú rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́jọ, f/4 sì ni, ìyẹn ni pé ìlọ́po mẹ́rin ìbú dígí ni ìmọ́lẹ̀ máa rìn kó tó pàdé lójú kan. Ìràwọ̀ tó wà láàárín àwòrán rí róbótó bí orí abẹ́rẹ́. Àmọ́ bí ojú ṣe ń lọ sí etí àwòrán, ńṣe ni ìràwọ̀ ń yọ ìrù, tí gbogbo ìrù náà kọ ẹ̀yìn sí àárín. A tún ìdúró dígí náà ṣe títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, ìrù ò kúrò. A ní wọ́n ti lù wá ní jìbìtì.

Irọ́ la pa mọ́ ọkùnrin náà. Dígí rẹ̀ pé. Ohun tí a rí ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún, ọ̀dọ̀ Isaac Newton la sì ti máa bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀.

Nígbà ayé Newton, lẹ́ǹsì ni wọ́n fi ń ṣe awò, lẹ́ǹsì sì máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ sí oríṣiríṣi àwọ̀ bí òṣùmàrè. Newton gbà pé àìsàn yìí ò gbóògùn. Ó bá kẹ̀yìn sí lẹ́ǹsì. Ní 1668, ó da bàbà pọ̀ mọ́ táńganran, ó fi ṣe dígí, ó sì kan awò kan tí kò gùn ju nǹkan bí íǹṣì mẹ́fà lọ. Dígí kì í fọ́n àwọ̀, torí ìmọ́lẹ̀ kì í gba inú rẹ̀ kọjá, ara rẹ̀ ló ti ń ta padà. Lẹ́ǹsì tó ṣẹ́kù ò ju kékeré tí a ń gbé ojú lé lọ.

Ṣùgbọ́n dígí Newton tẹ̀ kòtò bí inú bọ́ọ̀lù, irú kòtò bẹ́ẹ̀ kì í kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan ṣoṣo. Ní 1721, John Hadley gbé awò tirẹ̀ lọ síwájú Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Dígí rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí íǹṣì mẹ́fà, ó sì fá a di parábólà. Parábólà ń kó ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé tààrà jọ láìṣẹ́ku. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ńkọ́? Etí dígí gbé tirẹ̀ síbì kan, àárín dígí gbé tirẹ̀ síbòmíràn, ìràwọ̀ kan ṣoṣo wá fà bí ìràwọ̀ onírù. Coma ni wọ́n ń pè é, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí irun. Ẹ̀yin tó ń kọ kóòdù, ẹ mọ irú ẹ̀: a tún bọ́ọ̀gì kan ṣe, òmíràn yọjú.

Coma ò tètè dà wọ́n láàmú, torí awò ìgbà náà gùn. Ti Hadley tó bí f/10. Bí a bá kúrò ní f/8 bọ́ sí f/4, coma á di ìlọ́po mẹ́rin. Kámẹ́rà ló dá wàhálà sílẹ̀. Kùrukùru ojú ọ̀run tó gba f/8 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa gba f/4. Gbogbo èèyàn wá ń fẹ́ dígí tó yára.

Nǹkan bí 1930, Bernhard Schmidt, ọlọ́wọ́ kan ní Hamburg, padà sí dígí oníkòtò bọ́ọ̀lù, ó sì fi gíláàsì pẹlẹbẹ kan síwájú rẹ̀ láti tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Ní Amẹ́ríkà, Frank Ross fi parábólà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní 1935, ó tẹ iṣẹ́ jáde lórí lẹ́ǹsì tí a lè tò síwájú ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé, kó lè pa coma. Irú lẹ́ǹsì rẹ̀ ni wọ́n lò fún awò 200 íǹṣì ní Palomar, tí wọ́n ṣí ní 1948, f/3.3 ni.

Ẹ ò rí nǹkan! Lẹ́ǹsì tí Newton sá fún ló padà wá gba dígí rẹ̀ sílẹ̀. Àìsàn tó ní kò gbóògùn pàápàá, John Dollond ti gba ìwé àṣẹ lórí oògùn rẹ̀ ní 1758: gíláàsì oríṣi méjì tí wọ́n pa pọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Lónìí, Paracorr tí Al Nagler ṣe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ oògùn coma di ohun tó ń wọ àpò. A ra ọ̀kan, irú èyí tó wà fún kámẹ́rà. Ìrù tún wà níbẹ̀! Ìwé tó bá a wá ní kó jẹ́ mìlímítà 55 sí ojú kámẹ́rà; tiwa ti lé ní mìlímítà mẹ́ta. A yọ òrùka tín-ín-rín kan kúrò, ìràwọ̀ etí sì di róbótó bíi ti àárín.

A pe ọkùnrin náà, a bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà pe ẹni tó tà á fún òun lólè.