Bí ìjì bá ṣí òrùlé yín: ohun tí òfin sọ nípa káfíńtà àti owó adójútòfò

Gbogbo ẹni tó ń gbé ní Ọ̀yọ́ Aláàfin tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ ohun tí ìjì òjò àkọ́rọ̀ máa ń fi òrùlé ṣe. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń ká páànù tí onílé ti fi ọdún púpọ̀ kó owó rẹ̀ jọ. Bí òjò bá dá tán, ìbéèrè méjì ló máa ń tẹ̀lé e: ta ni yóò san owó àtúnṣe, ṣé káfíńtà tó kan òrùlé náà sì jẹ̀bi? Òfin Nàìjíríà ní ìdáhùn sí méjèèjì, ṣùgbọ́n ìwé tí onílé ti gbà sọ́wọ́ kí ìjì tó dé ni yóò gbè é.

Nígbà tí iná jó Ọjà Akẹ̀sán tó wà níwájú ààfin Aláàfin ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lábẹ́ Gómìnà Ṣèyí Mákindé ló tún ọjà náà kọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba kò lè bá gbogbo onílé kan òrùlé. Ẹni tí òfò bá ṣẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀, ọ̀dọ̀ káfíńtà rẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìnṣọ́ránsì, ni yóò kọjú sí.

Ẹ̀tọ́ yín lọ́dọ̀ káfíńtà

Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà ni Federal Competition and Consumer Protection Act ti ọdún 2018, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019. Àjọ FCCPC ló ń mójú tó o. Òun ló rọ́pò Consumer Protection Council àtijọ́. Òfin yìí kò yọ oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Abala 130 rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ ní àkókò, kí ó tètè sọ fún oníbàárà bí ìdádúró bá wà, kí iṣẹ́ náà dára tó èyí tí ẹni tó ní làákàyè yóò retí, kí ohun èlò tó lò má sì ní àbùkù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, oníbàárà lè ní kí ó tún un ṣe, tàbí kí ó dá owó tó tọ́ padà gẹ́gẹ́ bí àbùkù náà ṣe tó.

Òfin náà tún sọ ọ́ di dandan kí olùtajà fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tó rà. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ páànù. Páànù alumíníọ̀mù 0.45 mìlímítà kì í ṣe ẹgbẹ́ 0.55 mìlímítà, bẹ́ẹ̀ ni ojú lásán kò lè tètè mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí wọ́n bá ta èyí tó fẹ́lẹ́ fún yín ní owó èyí tó nípọn, rìsíìtì tó kọ iye ìnípọn náà ni ẹ̀rí yín.

Owó tí adójútòfò kì í san

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí wọ́n bá ti ní ìwé adójútòfò, gbogbo òfò ni ilé-iṣẹ́ yóò san. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye kan wà tí oníbàárà gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ gbé kí ilé-iṣẹ́ tó san ìyókù. Ní Nàìjíríà, excess ni wọ́n ń pè é. Ní Amẹ́ríkà, deductible ni. Ká sọ pé àtúnṣe òrùlé jẹ́ ₦800,000, ìwé yín sì sọ pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni tiyín: ẹ̀yin yóò san ₦80,000, ilé-iṣẹ́ yóò san ₦720,000.

Ẹ tún kíyè sí ohun mẹ́ta mìíràn. Èkíní, ìwé adójútòfò iná lásán kì í sábà gba ìjì mọ́ra, àfi bí ẹ bá ní kí wọ́n fi kún un. Èkejì, bí ilé tó tó ₦10,000,000 bá wà nínú ìwé ní ₦5,000,000, ilé-iṣẹ́ lè san ìdajì òfò péré. Ẹ̀kẹta, wọn kì í san owó òrùlé tó ti gbó tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí adójútòfò bá ti kọ̀ nítorí iṣẹ́ tí kò dára, ibẹ̀ ni Abala 130 ti wúlò fún yín.

Òfin Adójútòfò ọdún 2003 fi dandan lé e pé kí ilé tí ayálégbé ń gbé àti ilé tí ará ìlú ń wọ̀ fún òwò ní ìwé adójútòfò. Ṣùgbọ́n gbèsè onílé sí àwọn ẹlòmíràn tó bá fara pa tàbí tí ẹrù wọn bàjẹ́ ni ìwé dandan yẹn wà fún, kì í ṣe òrùlé onílé fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2025, òfin tuntun, Nigerian Insurance Industry Reform Act, rọ́pò ti 2003. NAICOM ni àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ náà.

Ẹ ṣọ́ra fún “màá bá yín gbé e”

Káfíńtà mìíràn lè sọ pé kí onílé má san excess, pé òun yóò bu owó lé ìwé iṣẹ́ kí ilé-iṣẹ́ lè san gbogbo rẹ̀. Ẹ̀tàn ni. Onílé tó bá fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè pàdánù gbogbo owó tó yẹ kó gbà. Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 sọ ọ́ di ọ̀ràn kí oníṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ran onílé lọ́wọ́ láti má san deductible. Ìwé àdéhùn tó bá tó $1,000 sì gbọ́dọ̀ gbé ìkìlọ̀ náà jáde.

Ohun tí ẹ óò ṣe

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ pẹ̀lú káfíńtà: irú páànù, ìnípọn rẹ̀, iye owó àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí. Ẹ má san gbogbo owó kí iṣẹ́ tó parí. Ẹ ya fọ́tò òrùlé nígbà tó ṣì dára, kí ẹ tún yà á lẹ́yìn ìjì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ tètè fi tó ilé-iṣẹ́ adójútòfò létí. Bí káfíńtà tàbí olùtajà bá kọ etí dídi, ẹ lè gbé ẹjọ́ lọ sí FCCPC tàbí ilé-ẹjọ́. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ẹ lọ sí NAICOM. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òrùlé tí a kò gba ìwé lé lórí kò yàtọ̀ sí i.