Ilé Ìmọ́lẹ̀ Ẹnu Òkun Èkó àti Erékùṣù Tarkwa Bay

Kajú tí wọ́n ń rà ní Ìràwọ̀, Ṣakí àti Ìsẹ́yìn lọ sí òkè òkun sábà máa ń gba èbúté Èkó jáde. Bí ọkọ̀ tó gbé e bá ń wọ agbami, yóò kọjá níwájú ilé gogoro kan lápá ìwọ̀-oòrùn. Ilé ìmọ́lẹ̀ Èkó nìyẹn, nítòsí Tarkwa Bay. Kò sí títì tó dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo èèyàn ń wọ̀.

Iṣẹ́ ilé ìmọ́lẹ̀ kò le yé èèyàn. Iná orí rẹ̀ máa ń ṣẹ́jú lóru. Bí iná kan ṣe ń ṣẹ́jú yàtọ̀ sí ti òmíràn, ìyẹn ni atukọ̀ fi ń mọ ibi tó dé.

Àmọ́ iná nìkan ò tó l'Ékòó. Yanrìn abẹ́ omi ló dí ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé. Láyé ìgbà yẹn, ọkọ̀ ńlá á já ẹrù ní Forcados, kí ọkọ̀ kéékèèké tó kó o wá s'Ékòó. Ìdí nìyẹn tí ìjọba amúnisìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri òkúta wọnú òkun ní 1908. Òkúta Àrò, l'Ábẹ́òkúta, ni rélùwéè ń kó wá. Nígbà tó di 1914, ọkọ̀ òkun tí wọ́n ń pè ní Akoko wọ èbúté Èkó.

Ògiri yìí ṣe rere, ó sì ṣe ibi. Omi òkun máa ń gbé yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ògiri dá yanrìn dúró lápá ilé ìmọ́lẹ̀, etíkun ibẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Lódìkejì, òkun jẹ Bar Beach nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni omi sì fi ya wọ Victoria Island.

Àwọn èèyàn tẹ̀dó sí Tarkwa Bay, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń gba àlejò. Ní oṣù Kìíní 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé wọn jáde, wọ́n sì wó ilé wọn. Wọ́n ní àwọn kan ń lu ọ̀pá epo níbẹ̀. Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn ní èèyàn bíi 4,500 ló di aláìnílé.

Ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ni òkúta Abẹ́òkúta ti ń ṣọ́nà fún ọkọ̀ àti ẹrù. Ọ̀rọ̀ ibùgbé àwọn tó ń gbé lẹ́bàá rẹ̀ ló ṣì ń fa awuyewuye.